Àwọn Ọkọ Kéékèèké Òkè Bọ́lá

Sekondi, Ghana.
18 Oṣù Kìíní, 1959.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún tuntun, ẹ kú ọyẹ́. Ara mi le, iṣẹ́ rélùwéè náà sì ń lọ. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá yín nílé bàbá mi ní Beyerunka. Ibẹ̀ ni mo fi í ránṣẹ́ sí, nítorí pé ibẹ̀ ni mo fi yín sí nígbà tí mò ń lọ.

Ìyá mi, kí ni mò ń gbọ́? Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní ẹ ti kó àpótí yín àti ẹ̀rọ ìránṣọ yín, ẹ fa Mojísọ́lá àbúrò mi lọ́wọ́, ẹ sì ti kó lọ sí Òkè Bọ́lá, sílé Èjìdé káfíńtà. Wọ́n ní wọ́n kéde ìgbéyàwó yín ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni pé ọmọge ni yín. Wọ́n ní ọkùnrin náà ní ọmọbìnrin méjì tí ìyá wọn ti kú, àti pé èyí tó kéré jù, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ẹ máa ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ẹ sì ń pè é ní ọkọ yín. Ìyá tèmi! Ìyàwó wolé-wolé tí gbogbo Beyerunka ń sáré gbálẹ̀ nítorí ọkọ rẹ̀!

Bí wọ́n bá fi ìyà jẹ yín nílé, kí ló dé tí ẹ ò kọ̀wé sí mi? Ṣé mo ti kú ni? Ará Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí lójú gbogbo ènìyàn bóyá lóòótọ́ ni ìyá mi di ìyàwó tuntun. Mo ní irọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ mí di onírọ́.

Ọdún Àjíǹde ń bọ̀, mo sì ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́. Ilé bàbá mi ni mo máa sọ̀ sí, kí n bá yín níbẹ̀. N kò ní fẹsẹ̀ mi tẹ Òkè Bọ́lá. Bí n kò bá bá yín nílé, èmi àti Mojísọ́lá la ó jọ padà sí Sekondi. Àbúrò mi kò ní dàgbà sílé ẹni tí kì í ṣe bàbá rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín tí inú rẹ̀ kò dùn,
Japheth Ọládiípọ̀.


Òkè Bọ́lá, Ìbàdàn.
5 Oṣù Kejì, 1959.

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ o. O kú iṣẹ́, o kú àárẹ̀, o kú bínú-bínú. Ìwé tó o fi ránṣẹ́ sí Beyerunka, ìyá tó ń ta òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọjà'ba ló bá mi gbà á. Nígbà mìíràn, Òkè Bọ́lá ni kí o kọ sára rẹ̀. Ibẹ̀ ni mò ń gbé.

O ní kí ni ò ń gbọ́. Òótọ́ lò ń gbọ́. Mo ti fẹ́ ọkọ, Èjìdé káfíńtà sì ni. Òun ló bá mi tún tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Ó tún un ṣe tán, ó tún padà wá wò ó bóyá ó dúró dáadáa. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Tábìlì kan ṣoṣo, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò títí mo fi ní kó kúkú jókòó. Bí o bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in.

Ohun tí Bàbá Kékeré kò kọ sí ọ ni èmi fẹ́ kọ. Nígbà tí mo bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ bàbá rẹ, wọ́n pè mí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn kì í bi opó bóyá ó fẹ́, èwo ló fẹ́ nínú àwọn àbúrò ọkọ ni wọ́n máa ń bi í. Ní tèmi, wọn kò tilẹ̀ bi mí léèwo. Wọ́n ní Bàbá Kékeré ni yóò ṣú mi lópó, kí n kúnlẹ̀, kí n dúpẹ́. Japheth, ṣé o mọ bí Bàbá Kékeré ti tó nígbà tí mo wọ ilé yẹn? Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Mo bá a nílé, nítorí náà ọkọ mi ni, n kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Èmi ni mò ń kúnlẹ̀ gbé omi ìwẹ̀ fún un. Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, ẹ̀yìn mi ló ń sùn sí. Ọmọ tí mo gbé pọ̀n ni wọ́n ní kó wá máa pè mí wọ yàrá! Mo ní mo kọ̀. Wọ́n ní kí n lọ rò ó. Mo ní mo ti rò ó kí wọ́n tó pè mí. Mo dìde lórí ẹní, mo lọ jókòó ti ẹ̀rọ mi.

Ojú wá ń tì ọ́ nítorí pé mò ń kúnlẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ojú kò tì ọ́ nígbà tí mò ń kúnlẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé bàbá rẹ. O rí mi, o sì rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni. Ṣé ní Beyerunka ló ń jẹ́ àṣà, tó bá dé Òkè Bọ́lá a di ìwọ̀sí?

Orúkọ ọmọ náà ni Yéwándé. Mo fún un ní orúkọ tí ẹnu mi yóò máa pè é: Eyínfúnjowó. Bẹ́ẹ̀ eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Evelyn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ilé-ìwé mísọ́n ló ń lọ. Mo pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nítorí ìdúró rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, Evelyn lorúkọ mi. Ìyá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Àṣà ayé àtijọ́ yẹn, ẹ má fi kàn mí.” Bí mo bá tún pè é bẹ́ẹ̀, kì í dáhùn. N kò bínú sí i. Ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Mo lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé fún ọ, ṣùgbọ́n èmi náà kò ní fi ẹnu mi pè é, nítorí mo mọ ilé tí mo wọ̀. A jọ ń wo ara wa báyìí.

Máa bọ̀ fún Àjíǹde. Ní Mọ́ńdè ọjọ́ Gálílì, gbogbo wa yóò bá ìjọ gun òkè lọ sí ilé gogoro Láyípo lọ jẹun. Àwo tìrẹ yóò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Mojísọ́lá kò lọ sí Sekondi.

Ìyá rẹ tí kò tọrọ àforíjì,
Clara Morádéyọ̀.


Sekondi, Ghana.
8 Oṣù Kẹta, 1959.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Mo rí ìwé yín gbà, ó sì pẹ́ kí n tó mọ ohun tí n ó fi dá a lóhùn.

N kò mọ̀ pé ẹ pọn Bàbá Kékeré rí. N kò sì fẹ́ kí wọ́n ṣú yín lópó. Ẹni tó bá ní mo fẹ́ ẹ, irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ̀ wọ́n, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ tún lọ fẹ́ káfíńtà. Ẹ lè jókòó sí yàrá yín pẹ̀lú ẹ̀rọ yín, kí ẹ máa retí mi. Àbí èmi kì í ṣe ọkùnrin ni?

Ẹ tilẹ̀ rò mí mọ́ ọn? Bí mo bá dé, ta ni kí n máa pè ní bàbá? Níbo ni kí n gbé àpótí mi kalẹ̀ sí? Níbí, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, yàrá yín ní Beyerunka ni mo máa ń rò, fèrèsé yẹn àti ìró ẹ̀rọ yín. Ẹ kò bi mí kí ẹ tó tú u ká.

Ní Sátidé Àjíǹde ni mo máa dé. Bàbá Kékeré ti ní kí wọ́n gbálẹ̀ yàrá bàbá mi dè mí. Ẹ wá bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, kí ẹ sì kó aṣọ Mojísọ́lá dání. Mo ti bá a wá ilé-ìwé síbí. N kò ní yí i padà.

Èmi ni,
Japheth Ọládiípọ̀.


Òkè Bọ́lá, Ìbàdàn.
17 Oṣù Kẹta, 1959.

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Màmá ní kí n kọ tèmi fúnra mi, wọ́n sì ti búra pé àwọn ò ní kà á.

Mi ò lọ sí Sekondi. Ẹ má bínú, bọ̀dá mi, mo fẹ́ràn yín, mi ò sì lọ.

Èmi, Evelyn àti Yéwándé la jọ ń sùn ní yàrá kan. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, Evelyn fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ láàárín yàrá, ó ní kí n má kọjá síbi tòun. Mi ò kọjá. Yéwándé ló máa ń yí kiri lójú oorun, ó ti fara nu ìlà náà tán, Evelyn ò sì tún un fà. Nísinsìnyí òun ló ń di irun mi, ó kàn máa ń fà á le jù. Bàbá Evelyn ń kan àpótí ìwé fún mi. Mi ò pè wọ́n ní bàbá, wọn ò sì ní kí n pè wọ́n. Bàbá wa ni bàbá mi.

Tí ẹ bá fipá mú mi, mo máa sunkún láti Ìbàdàn títí dé Sekondi, gbogbo èrò ọkọ̀ á sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ pa mí lẹ́kún. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi lóhun tí mo kọ yìí o.

Àbúrò yín, Mojísọ́lá.

Àjàní, èmi ìyá rẹ nìyí. N kò ka tirẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ni mo wò nígbà tó ń kọ ọ́. N kò ní wá sí Beyerunka. Bí o bá dé ibùdókọ̀ Òkè Bọ́lá, bèèrè ṣọ́ọ̀bù Èjìdé, ọmọdé kékeré yóò mú ọ wá. Wá fúnra rẹ.


Sekondi, Ghana.
12 Oṣù Kẹrin, 1959.

Ìyá mi,

Mo padà dé láyọ̀. Mo wá láti Sekondi títí dé Ìbàdàn, mo lo gbogbo ọdún Àjíǹde níbẹ̀, mo sì padà láìgbọ́ ohùn yín. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Lọ́jọ́ Àjíǹde, nígbà tí mo retí yín tí n kò rí yín, mo ní kí Bàbá Kékeré àti àgbà méjì wá mú Mojísọ́lá. Wọ́n padà wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ní ẹ pe orúkọ Bàbá Kékeré gbàǹgbà lójú ọmọdé! Ìyá mi, ẹ̀yin tí ẹ kì í pe orúkọ ọmọ ọwọ́ inú ilé, kí a má tilẹ̀ sọ ti ọkọ ilé! Wọ́n ní ìyàwó tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti kọ ilé náà tọmọtọmọ. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan tún bọ́ síta bú wọn. Àwọn kan ń pariwo, àwọn kan ń ṣépè, èmi ni mo jókòó sáàárín tí n kò mọ ẹni tí n ó gbè lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ Gálílì, mo gun òkè wá sí Láyípo. Ẹ kò rí mi. Mo dúró lọ́dọ̀ àwọn onírèké, mo sì rí yín nínú aṣọ funfun yín. Ọkùnrin yẹn ń bu ìrẹsì. Ẹ kúnlẹ̀ lórí koríko lójú gbogbo ìjọ, ẹ fọwọ́ méjèèjì gbé ife omi fún ọmọ kékeré kan, Mojísọ́lá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù. N kò wá bá yín. Mo ra ìrèké tí n kò jẹ, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, mo sì wọkọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ lè ní Mojísọ́lá báyìí. Ó dà bíi pé ẹ ti ní gbogbo ohun tí ẹ fẹ́.

Japheth.


Òkè Bọ́lá, Ìbàdàn.
3 Oṣù Karùn-ún, 1959.

Japheth Àjàní,

O gun òkè Láyípo, o dúró lọ́dọ̀ onírèké bí ẹni tí kò ní ìyá níbẹ̀, o sì wá padà lọ kọ̀wé pé o kò gbọ́ ohùn mi. Ta ló dí ọ létí? Bí o bá pè mí lẹ́ẹ̀kan, ife yẹn ì bá bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi náà ní ẹ̀dùn ọkàn o, ìwọ nìkan kọ́ ló ni ín.

Wọ́n sọ tiwọn fún ọ. Gbọ́ tèmi.

A ti dé láti ìsìn Àjíǹde, ìrẹsì wà lórí iná. Bàbá Evelyn ti gbé oúnjẹ lọ fún àgbàlagbà kan nínú ìjọ tí ẹsẹ̀ ń dùn, àwa obìnrin nìkan ló kù nílé. Bàbá Kékeré kó àgbà méjì wọlé, kò jókòó, kò kí wa kú ọdún. Ó ní, “Ìyàwó, gbé ọmọ wa jáde.” Mo ní, “Japheth dà?” Ó ní, “Ó wà nílé. Òun ló rán wa.” Ibẹ̀ ni inú mi ti bàjẹ́. Kì í ṣe tìtorí wọn, tìtorí tìrẹ ni. Ọmọ tí mo bí kò lè wá bá mi jà fúnra rẹ̀.

Ó wá di Mojísọ́lá lápá mú. Ọmọ náà figbe ta. Mo ní, “Àmọ̀ó! Fi ọmọ mi sílẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni, mo pè é. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn ni orúkọ yẹn ti wà lẹ́nu mi tí n kò pè é. N kò ní purọ́ fún ọ, ó dùn lẹ́nu mi.

Ó fò sẹ́yìn bí ẹni tí mo da omi gbígbóná lù. Ó ní, “Ẹ gbọ́ o! Ó pe orúkọ ọkọ! Ta ni yóò gbà ọ́ sílẹ̀ lónìí? Ìyàwó tí kò sí ọkọ kan nílé tí yóò gbèjà rẹ̀!”

Evelyn jáde láti ilé ìdáná. Ṣíbí ìrẹsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àjàní, ọmọ yìí kò tíì bá mi sọ ju “ẹ káàárọ̀ mà” lọ láti ọjọ́ tó ti kọ orúkọ tí mo fún un. Ó kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, ó sì dìde. Ó ní, “Ẹ kú ọdún, sà. Ta lẹ̀ ń bá wí?”

Àmọ̀ó ní, “Ìyàwó wa.”

Evelyn ní, “Ìyàwó ilé wa nìyí, sà. Èmi lọkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹjọ́ pẹ̀lú ìyàwó mi, èmi ni kí ẹ bá sọ ọ́.”

“Ìwọ? Ọmọ àná yìí?”

“Ó bá mi nílé ni, sà. Bó ṣe bá ẹ̀yin náà nílé nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé. Ó ní ó tilẹ̀ pọ̀n yín.”

Yéwándé ti wá dúró lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, “Èmi náà lọkọ!” Afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí eyín ti ká jáde. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà bú sẹ́rìn-ín, kò lè pa á mọ́ra. Ó ní, “Ọmọ náà sọ ọ́ bó ti yẹ. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká wá mú àbúrò òun kò wá fúnra rẹ̀, kí làwa ń ṣe níbí?” Ó fa Àmọ̀ó lápá, wọ́n lọ. Ta ló bú ẹnikẹ́ni níbẹ̀? Bi àgbà náà, kó sọ fún ọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Evelyn sáré padà sídìí iná. Ó ní, “Ìrẹsì ti jóná.” Mo ní, “Fi í sílẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.” Ó ní, “Ẹ wá bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó wúwo.” Ó dáhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Èmi tí n kò sunkún níwájú Àmọ̀ó, mo sunkún sórí ìkòkò ìrẹsì jíjóná.

Nítorí náà, ìkúnlẹ̀ tó o rí ní Láyípo, mo kúnlẹ̀ dáadáa, bí o bá sì dúró díẹ̀ sí i, ò bá rí mi tí mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n náà. Wọ́n gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ọmọ mi rán sí mi. Ní Beyerunka, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ ni. Ní Láyípo, ó wù mí. Má ṣe bá mi ka orúnkún mi mọ́.

Evelyn ló bu oúnjẹ sínú àwo tìrẹ ní ọjọ́ Gálílì, ó fi àwo mìíràn dé e. A gbé e délé bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án.

O bi mí níbo ni kí o gbé àpótí rẹ kalẹ̀ sí. Bàbá Evelyn ti kan ibùsùn kan sí yàrá ìta. N kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn bi mí bí o ti ga tó ni. Kò ní kí o pe òun ní bàbá. Ṣùgbọ́n má rán ẹnikẹ́ni sí mi mọ́ láyé yìí. Bí ìjà ni, bí àlàáfíà ni, ẹsẹ̀ tìrẹ ni kí o fi gbé e wá.

Ìyá rẹ ní Òkè Bọ́lá,
Clara Morádéyọ̀ Èjìdé.


Òkè Bọ́lá, Ìbàdàn.
23 Oṣù Kẹjọ, 1959.

Àjàní,

Òjò ti rọ̀ títí ó ti dá, o kò kọ̀wé. N kò kọ èyí láti bẹ̀ ọ́. Mo kàn ní kí o mọ̀ pé ara wa le, àti pé eyín Yéwándé ti hù, méjèèjì tóbi bíi ti ehoro. Orúkọ tí mo fún un ti wá bá a mu.

Ibùsùn rẹ ṣì wà níbẹ̀. Adìyẹ kan fẹ́ máa yé sí i, mo lé e.

Ìyá rẹ.


Sekondi, Ghana.
6 Oṣù Kejìlá, 1959.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé yìí. Òkè Bọ́lá ni mo kọ síbẹ̀.

Mò ń bọ̀ fún Kérésì. N kò tíì mọ ohun tí n ó máa pe Bàbá Evelyn, ẹ má sì kán mi lójú. Inú mi kò tíì rọ̀ tán, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n n kò rán ẹnikẹ́ni, àpótí mi yóò sì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí adìyẹ yẹn dé ibùsùn mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi ọkọ yín Evelyn bóyá yóò jẹ́ kí n wọlé.

Ọmọ yín,
Àjàní.


Òkè Bọ́lá, Ìbàdàn.
14 Oṣù Kejìlá, 1959.

Bọ̀dá Japheth,

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìyàwó mi fi ìwé yín hàn mí, ó sì ní èmi ni kí n dáhùn, nítorí èmi lẹ bi.

Mo gbà. Ẹ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa á lẹ́kún lọ́dún Kérésì, ọjọ́ náà gan-an lẹ ó padà sí Sekondi, èmi fúnra mi ni n ó sì gbé àpótí yín síta.

Èmi ni tiyín,
Evelyn Èjìdé,
tí ìyá yín ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.